Èjìká Bàbá Ọkọ Mi àti Rúlà Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ò tíì mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ tiẹ̀ ń ṣe gan-an ní ọsibítù yẹn? Ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ kì í ṣe dókítà."

Mo ní, "Èjìká ni mò ń wọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bíi ti télọ̀?"

Mo ní rárá. Télọ̀ ń wọn bí èjìká ṣe fẹ̀ tó. Èmi ń wọn ibi tí apá lè gbéra dé. Ẹ̀rín rẹ̀ kò tán síbẹ̀, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán mo jókòó, mo mú bírò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò nídìí iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí n lè sọ bó ṣe rí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo mọ ìṣirò, wọ́n sì ń wá ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun. Ilé ìwòsàn kékeré ni, lójú ọ̀nà tó ti Ṣakí lọ sí Ìsẹ́yìn. Kò sí mọ́ báyìí, nítorí náà kò sí ìdí fún mi láti dárúkọ rẹ̀. Yàrá kan wà ní ìkángun rẹ̀ lẹ́bàá igi máńgòrò, tí wọ́n kọ "Ìtọ́jú Apá àti Ẹsẹ̀" sí lára ilẹ̀kùn. Àwọn aláìsàn kò pè é bẹ́ẹ̀. Yàrá Gbọ́wọ́-sókè ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ohun tí a máa ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn.

Àwọn ahunṣọ ń wá láti Ìsẹ́yìn, àwọn tó ti ń ju ọ̀kọ̀ òfì láti kékeré tí èjìká wọn ti gbó ṣáájú irun orí wọn. Àgbẹ̀ ń wá, àwọn tó ń kọ ebè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin tó ń gúnyán fún agbo ilé tó tóbi ń wá, àwọn tó ń di ẹrù sínú lọ́rì ń wá. Gbogbo wọn ló ń ṣe ohun kan náà bí wọ́n bá wọlé: wọ́n á fi ọwọ́ òsì di èjìká ọ̀tún mú, wọ́n á ní, "Ibí yìí ni."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni iṣan. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ni mò ń sọ. Okùn funfun líle ni, tó so ẹran mọ́ egungun. Bí ẹ bá ti jẹ ẹran àgbò rí, tí nǹkan kan ń fà mọ́ yín léyín tí kò fẹ́ já, ẹ ti bá a pàdé. Ní èjìká, ọ̀kan nínú àwọn okùn yìí gba abẹ́ egungun kọjá, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbé apá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Bó bá ya díẹ̀, apá á máa dun ni, ṣùgbọ́n ìsinmi lè wò ó. Bó bá já, apá kò ní gòkè mọ́, bó ti wù kí olúwa rẹ̀ lágbára tó.

A ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò mọ iṣan. Egungun á hàn funfun báláú, ibi tó yẹ kí iṣan wà á ṣófo bí ẹni pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Mélòó mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún níbòmíràn pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n, tí wọ́n délé tí wọ́n di ọ̀lẹ lójú aya àti ọmọ. Iṣẹ́ wa ni láti fi nọ́ńbà mú ohun tí ojú kò lè rí.

Ẹni tó kọ́ mi ni Ọ̀gá Láoyè, ọmọ Adó-Àwáyè. Ẹni tín-ínrín ni wọ́n, ṣòkòtò kaki wọn máa ń le gbà bí páálí, wọn kì í pariwo. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Mo rò pé ọjọ́ kejì tí mo bá dé ni wọn yóò gbé aláìsàn lé mi lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, ilẹ̀kùn ni mo wọ̀n.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà ni rúlà onírin kan tó ní ẹsẹ̀ méjì. A kan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní ìdí, a sì kọ nọ́ńbà yí ìdí náà ká. Ẹsẹ̀ kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ìkejì á tẹ̀ lé apá bó ṣe ń gòkè, ìwọ á ka iye dígíríì tó wà láàárín wọn. Ọ̀gá á ti débẹ̀ ṣáájú mi láàárọ̀, wọ́n á ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Kí n tó gbé báàgì mi kalẹ̀, wọ́n á ní, "Mélòó?"

"Ogójì, sà."

Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé rúlà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. "Méjìdínláàádọ́ta. Padà síta, kí o tún wọlé."

Èmi á jáde, èmi á tún wọlé, èmi á tún kúnlẹ̀ kí wọn káàárọ̀, nítorí pé bí n kò bá kí wọn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní mi ò tíì wọlé. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi pé, mo lè dúró lókèèrè kí n sọ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tó, kí n má sì ṣì í ju dígíríì mẹ́ta lọ. Títí di òní, mi ò lè wọ ilé ẹnikẹ́ni kí n má kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ alápatà. Alápatà náà mọ̀ wọ́n. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá Dókítà, ẹran ni ẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sàn?"

Ọ̀gá ní, "Èjìká ewúrẹ́ ni mo fẹ́. Má ti àdá bọ̀ ọ́ o."

Lórí tábìlì alápatà níbẹ̀ ni wọ́n ti la awọ rẹ̀, tí wọ́n sì fi iṣan náà hàn mí níbi tó gbà wọ abẹ́ egungun. Wọ́n ní kí n ti ìka bọ ibẹ̀. Wọ́n wá rọra gbé apá ẹran náà sókè.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń há mi níka, sà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ń há iṣan, lójoojúmọ́, fún ẹni tó ń kọ ebè. Má gbàgbé bó ṣe há ọ."

Wọ́n ní kí n gbé ẹran náà relé. Ìyá mi sè é dáadáa, ó ta sánsán, ṣùgbọ́n mi ò lè fi kan ẹnu.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan èèyàn. Òfin wọn kò pọ̀, wọn kì í sì í tú u sílẹ̀. Aláìsàn á bọ́ aṣọ òkè ara rẹ̀. Ìwọ á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ á di egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká mú gírígírí, nítorí pé bí apá bá kọ̀ tí kò gòkè, ara á wá ọ̀nà mìíràn: èjìká á sún sí etí, ẹ̀yìn á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ á sì dé òkè bí ẹni pé iṣan ló gbé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó wọ̀n ọ́n, a ó bo nọ́ńbà àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ kí a tó wọn èkejì. Bí nọ́ńbà bá ṣì, a kì í pa á rẹ́. A ó fa ìlà sí i lórí kí gbogbo ayé lè rí ohun tí a kọ́kọ́ kọ.

Ìyá àgbàlagbà kan wá ní ọ̀sẹ̀ kìíní mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú ń tì mí láti di èjìká ẹni tó ju ìyá ìyá mi lọ mú. Ọ̀gá súnmọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ta lò ń wọ̀n? Màmá ni, àbí èjìká Màmá?"

Mo wo rúlà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Nígbà tí ò ń kí wọn, Màmá ni. Bí o bá ti mú rúlà, èjìká ni. Bí o bá parí, kí o kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó mọ iṣẹ́. Àwọn ahunṣọ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ bí mo ṣe ń wọn ilẹ̀kùn, gbogbo ìgbà tó bá dé ló máa ń ní, "Ìyàwó, ṣí mi díẹ̀díẹ̀ o, kí ìdè ilẹ̀kùn mi má yọ." Ọ̀gá ra síkéèlì tí wọ́n fi ń so ẹran kọ́, a so okùn mọ́ ọn, aláìsàn á fi apá fà á, àwa á ka bó ṣe lágbára tó. Wọ́n tún fi ọ̀dà dúdú kun ìdajì òbírí ńlá sára ògiri, wọ́n kọ nọ́ńbà yí i ká, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè rí ibi tí ọwọ́ òun dé. Àáfà kan wọlé, ó wò ó, ó wò ó, ó bi wá bóyá apá ibẹ̀ ni ìlà-oòrùn wà tí òun á kọjú sí kírun.

Mo fẹ́ ọkọ láàárín ìgbà yìí. Tíṣà ni, ọmọ Tẹ̀dé, ilé ìwé tó wà nítòsí ọsibítù wa ló ti ń kọ́ni. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá ọkọ mi. Ẹni tó ga ni wọ́n, ẹ̀rín wọn máa ń ṣáájú wọn wọlé. Ìyàwó Ọsibítù ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì pè é kí gbogbo agbo ilé gbọ́. Ìlú tí mo ti wá, ìyàwó ilé kì í dúró bá bàbá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí mo bá rí wọn lókèèrè pàápàá, orúnkún mi á ti máa tẹ̀.

Ní ìgbà tí èso igi irú gbó lọ́dún kan, Bàbá gun igi láti ká a. Ẹ̀ka yẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan rọ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn kí wọ́n tó já bọ́. Àwòrán egungun fi hàn pé egungun kankan kò ṣẹ́. Ọ̀gá Láoyè fúnra wọn ló wọ̀n wọ́n, mo dúró síta. Àádọ́rin ni apá náà dé, síkéèlì kò sì tó ìdajì ti apá kejì. Ọ̀gá ní iṣan náà ti ya, ṣùgbọ́n kò tíì já. Wọ́n ní Bàbá kò gbọdọ̀ mú ọkọ́ títí apá á fi kọjá ogóje dígíríì, tí síkéèlì á sì fi dọ́gba lápá méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nọ́ńbà ń gòkè: ọgọ́rin, márùndínlọ́gọ́rùn-ún, àádọ́fà. Ó ń jinná. Gbogbo wa la rí i pé ó ń jinná.

Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Ọ̀gá lọ sí Ìbàdàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó ku èmi nìkan ní yàrá.

Bàbá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. "Ìyàwó Ọsibítù!"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Ara ńkọ́?"

"Ara ti le. Òjò ti rọ̀ ní Tẹ̀dé o. Gbogbo ayé ti wà lóko. Àbúrò mi ti kọ ebè dé ẹnu ààlà mi, ó ń kí mi láti ibẹ̀ pé, 'Ẹ kú ìsinmi o, Ẹ̀gbọ́n.' Ṣé o gbọ́ èébú? Ẹ kú ìsinmi!" Wọ́n jókòó sórí àpótí. "Wọ̀n mí kíá kí dókítà lè tú mi sílẹ̀."

Ó yẹ kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ dàńsíkí." Ẹnu mi kò gbé e. Ó yẹ kí n dìde kí n lọ sẹ́yìn wọn, kí n fi ọwọ́ mi tẹ èjìká bàbá tó bí ọkọ mi mọ́lẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò dìde. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti na rúlà sókè láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń gbé omi fún wọn.

Bàbá ní, "Bísímílàí," wọ́n gbé apá. Mo rí èjìká wọn tó ń sún sí etí lábẹ́ aṣọ. Mo rí ẹ̀yìn wọn tó ń tẹ̀ sí òsì. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé mo rí i. Rúlà ní márùndínláàádọ́jọ. Mo kọ ọ́ sínú káàdì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Bàbá, ó ku síkéèlì."

"Ṣé ẹran Iléyá ni mí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fa ìlà kékeré kan sí àyè síkéèlì dípò nọ́ńbà. Dókítà wo nọ́ńbà, ó buwọ́ lù ú pé kí wọ́n máa lọ sóko. Bàbá gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi ní ìbejì.

Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ wá pè wá. Bàbá kò tíì kọ ebè mẹ́wàá tán. Wọ́n ní àwọn gbọ́ nǹkan kan nínú èjìká, ó dún bí ìgbà tí okùn korobá já sínú kànga.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, wọ́n wọn Bàbá. Lẹ́yìn tí Bàbá jáde, wọ́n pè mí, wọ́n gbé káàdì síwájú mi.

"Ta ló kọ márùndínláàádọ́jọ?"

"Èmi ni, sà."

"Níbo lo dúró?"

"Mi ò dúró, sà. Mo kúnlẹ̀."

Wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo lé nọ́ńbà mi lórí, wọ́n kọ márùndínláàádọ́ta tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n sókè rẹ̀. Wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n ní kí èmi náà buwọ́ lù ú. Wọ́n lọ bá dókítà, wọ́n sọ fún un pé ẹ̀ka àwọn ló ṣe àṣìṣe, wọn kò dárúkọ mi. Dókítà ní ẹni tó lè rán irú iṣan bẹ́ẹ̀ pọ̀ kò sí nítòsí. Ó ní kí Bàbá lọ sí Ìbàdàn. Bàbá ní wọn kò ní la àwọn níbi tí àwọn kò mọ ẹnì kankan. Ó parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, oṣù kan gbáko, Ọ̀gá ń jókòó sórí àpótí aláìsàn láràárọ̀, wọ́n á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n á ní kí n wọn àwọn. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí n kò bá bá wọn wí, wọ́n á ní kí n tún un ṣe. Ọjọ́ kìíní, títí àwọn aláìsàn fi dé ni mò ń tún un ṣe. Nígbà tí oṣù fi pé, mo ń tẹ èjìká ọ̀gá mi mọ́lẹ̀, mò ń ní, "Ọ̀gá, ẹ ń tẹ̀. Ẹ dúró gbọin. Mo ní ẹ ń tẹ̀!" Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà," bí ọmọ ilé ìwé.

Láti ìgbà náà, mi ò kúnlẹ̀ wọn ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wọn ọba, mo wọn ìmáàmù. Àwọn kan bínú. Ìbínú wọn kò pa mí lára.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé. Wọ́n pín oko Bàbá fún àbúrò wọn. Bàbá fúnra wọn ń jókòó ní abà iṣu, wọ́n ń ṣa èyí tó fẹ́ jẹrà kúrò, nítorí pé ìyẹn kò gba kí apá gòkè. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní igi irú náà ló lọ́wọ́ ayé nínú. Ọkọ mi ní dókítà ni kò mọṣẹ́. Mo ń gbọ́, mo ń bu ọbẹ̀. Bí a bá lọ kí wọn nígbà ọdún tí a sì kírun nínú agbo ilé, àwa obìnrin á tò sẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Ẹ̀yìn Bàbá gan-an ni mo máa ń bọ́ sí. Bí wọ́n bá ń kábàrà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun, ọwọ́ òsì wọn á dé etí. Ti ọ̀tún á dúró ní àyà.

Irinṣẹ́ ń yí padà láàárín àwọn ọdún náà. Rúlà onírin lọ, oníke tí a lè gba inú rẹ̀ rí ara aláìsàn dé. Síkéèlì ẹlẹ́ran lọ, òmíràn tó ń há sí àtẹ́lẹwọ́ dé láti òkè òkun. Ní Ìbàdàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún oògùn tó máa ń hàn nínú àwòrán sínú oríkèé èjìká kí wọ́n tó yà á. Bí oògùn náà bá jò kọjá, wọ́n á mọ̀ pé iṣan ti lu. Ọ̀gá Láoyè fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Adó-Àwáyè, mo sì di olórí yàrá náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ilẹ̀kùn síwájú díẹ̀, wọ́n wo ojú mi. Mo ní, "Márùndínlógójì, sà." Wọn kò wọ̀n ọ́n. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà. A gbọ́ ikú wọn ní ọdún kejì.

Àwọn ọdún náà ti ń lọ sópin nígbà tí dókítà ọ̀dọ́ kan dé sọ́dọ̀ wa láti òkè òkun. Ó mú àwòrán kan jáde nínú ìwé rẹ̀, ó gbé e kọ́ ojú fèrèsé. Ó ní kì í ṣe irú ẹ̀rọ tiwa ló yà á. Òòfà ńlá ni, èèyàn á sùn wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ inú àgbá. Ó fi pẹ́ńsù tọ́ka.

"Màmá, iṣan èjìká nìyí."

Ọdún kejìdínlógún mi nídìí iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí iṣan náà rí, lórí tábìlì alápatà. Ó wà níbẹ̀, dúdú nínú àwòrán, ó gba abẹ́ egungun kọjá, nínú èjìká ẹni tó ṣì wà láàyè. Ó sì wá já ní ibì kan, àlàfo funfun kékeré wà láàárín.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ń wọ̀n ọ́n?"

"Òun ni wọ́n ń ṣe. Bí ihò náà ṣe gùn tó, bí ẹran tó ń fà á ṣe rù tó, ọ̀rá tó ti wọ inú ẹran náà. Àwọn kan tiẹ̀ ń wá bí wọn yóò ṣe rí nọ́ńbà fà yọ lára iṣan fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ń gbó kó tó ya rárá."

"Bí aláìsàn bá wá tẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò lè tẹ̀, Màmá. Ó sùn ni. Kò sóhun tó fẹ́ gbé."

Mo dúró níwájú fèrèsé yẹn títí àwọn aláìsàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Tẹ̀dé, èmi nìkan.

Bàbá wà ní abà iṣu. Wọ́n ti darúgbó gan-an. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ti pẹ́ nínú mi. Nọ́ńbà tí mo kọ fún yín lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀ yẹn, kì í ṣe òótọ́. Òun ni wọ́n fi ní kí ẹ lọ sóko."

Wọ́n gbé iṣu ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣebí èmi ni mo gbé apá. Mo mọ ibi tó dé. Ẹ̀yìn ni mo fi gbé ìyókù." Wọ́n wò mí. "Ìwọ náà rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"O ò sì sọ."

"Mi ò lè sọ."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì pa èjìká ọ̀tún. "O kúnlẹ̀. Mo rántí. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé ìyàwó ọmọ wa fi orúnkún wọ̀n mí, nínú ọsibítù, lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun tán."

Mo ní, "Bí mo bá ti dìde ńkọ́, Bàbá? Ká ní mo ní kí ẹ bọ́ dàńsíkí, mo di èjìká yín mú, mo ní, 'Bàbá, ẹ ń tẹ̀'?"

Wọ́n rò ó. "Màá bínú."

"Gan-an?"

"Màá bínú dé Tẹ̀dé. Màá pe ọkọ rẹ, màá ní irú ọmọ wo lo gbé wálé yìí. Mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ títí di Iléyá." Ẹ̀rín wọn àtijọ́ wá yọ. "Ní Iléyá, ebi á pa mí. Màá jẹ iyán rẹ."

Wọn kò lo ọdún méjì mọ́ lẹ́yìn náà. Ilé ìwòsàn wa sì kógbá sílé ní ọdún tó tẹ̀ lé ìbẹ̀wò mi náà. Èmi náà bá a kógbá.

Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé iṣẹ́ gidi ni, kó kọ́ ọ bí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ tó ju rúlà mi lọ ló máa bá níbẹ̀, ojú mi sì ń wá ẹ̀rọ náà, mo fẹ́ fọwọ́ kàn án kí n tó kú. Ojú mi ń wá yàrá wa lábẹ́ igi máńgòrò, àti àwọn ahunṣọ tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ń wá jù ni ìbínú tí Bàbá kò bí sí mi. Mo máa ń rí i nígbà tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́: Bàbá dìde lórí àpótí, dàńsíkí wọn wà lọ́wọ́ òsì, ojú wọn le, wọ́n ń pè mí ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kí gbogbo ọsibítù gbọ́, wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè gbọnrangandan lé mi lórí.